Iṣẹ́ Tí Dúróríkẹ́ Rán Ládòkun

Bí ẹ bá rí ènìyàn méjì tí wọ́n ń jà lórí ọ̀nà Ìjìó, tí ọ̀kan ní apá òsì là ń yà sí, tí èkejì ní apá ọ̀tún ni, ẹ lọ fọkàn yín balẹ̀: kò sí èyí tó dé Ìjìó rí nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí Dúróríkẹ́ ń rò nìyẹn bó ti jókòó sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀ ní Òkaka, tó ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin Ọlọ́run méjì láti pálọ̀. Ládòkun ọkọ rẹ̀ ti kú láti àná. Ibi tí ọkọ náà gbà lọ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ìbejì ló kó wọn wá. Ọjọ́ Àìkú ni Táyé ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Kẹ́hìndé ń lọ sí tirẹ̀. Ládòkun, tí kò fẹ́ kí ọmọ kankan bínú sí òun, a máa bá ọ̀kan lọ lónìí, a bá èkejì lọ lọ́la. Ó ní níbi méjèèjì ni òun ti ń rí oorun sùn.

"Ní ìṣẹ́jú tí èémí bọ́ lẹ́nu Bàbá ni ọkàn rẹ̀ ti dé iwájú ìtẹ́," Pásítọ̀ Jésùmúrewá ń wí. Òun ni ti ọjọ́ Àìkú. Fámúrewá ni baba tó bí i lọ́mọ sọ ọ́, ó fọ Ifá kúrò níbẹ̀ bí ẹní fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. "Kò dúró níbì kankan, kò yà síbì kankan. Ó ti gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀."

"Ìdájọ́ wo?" Alàgbà Ògúnwùmí ló dáhùn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. "Bàbá ń sùn ni. Kò gbọ́, kò mọ̀, kò lálàá, títí ọjọ́ tí fèrè yóò fi dún."

"Nínú ìjọ tiyín, oorun ti pọ̀ jù, Alàgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ààyè, ẹ bá a dórí òkú."

Dúróríkẹ́ yọ ṣùtì ètè. Pásítọ̀ yìí kan náà, ọmọ bíbí Òkaka, ló sọnù sínú oko ẹ̀gẹ́ láàárín Ìpàpó sí Òkaka lọ́dún tó kọjá. Ràmọ́nì aládùúgbò wọn ló fi ọ̀kadà lọ gbé e jáde, tòun ti ewé ẹ̀gẹ́ lórí. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìpàpó ló wá mọ gbogbo kọ́nà ọ̀run.

Kì bá ti dá sí wọn. Ìjà àgbò méjì kì í ṣe ti ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí ìjà yìí fẹ́ bà jẹ́.

Jùmọ̀kẹ́ ni àkọ́bí Dúróríkẹ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ibà mú un lọ, ó di ọdún mọ́kànlélógójì lónìí. Láti ìgbà tí a ti bí àwọn ìbejì ni gbogbo Òkaka ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Ìbejì, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan egbò. Ládòkun nìkan ni kò yí padà. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ló ń pè é títí ó fi kú.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Òkaka, a kì í jẹ́ kí àgbàlagbà lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹni tó ní ẹni lọ́hùn-ún yóò rán an níṣẹ́. Dúróríkẹ́ ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ rán sí ọmọ rẹ̀, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò bá a jẹ́ ẹ láti ọdún yẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ kú, kò rán an, nítorí obìnrin yẹn kì í sọ ọ̀rọ̀ kó má fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n Dúróríkẹ́ kú lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ìyẹn kò dúró gbọ́. Ó wá ku Ládòkun, baba ọmọ fúnra rẹ̀.

Àbùkù kan ló wà lára Ládòkun: kò mọ iṣẹ́ í jẹ́. Bí o bá rán an ní iyọ̀ lọ́jà Ṣakí, kánún ni yóò gbé bọ̀, yóò sì máa bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta tó fi wà lórí àìsàn ni ìyàwó rẹ̀ fi ń kọ́ ọ. Láràárọ̀ ni yóò ní kó kà á fún òun. Ó ń gbàgbé, ó ń fo ọ̀rọ̀, títí ó fi mọ̀ ọ́n. "Ìyá Jùmọ̀kẹ́," ló wí ní ọjọ́ kẹta sí ikú rẹ̀, "ó ti wọnú mi lọ. Fi mí sílẹ̀ kí n mu ẹ̀kọ mi."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán ènìyàn nígbà tó ń di ẹrù kò tíì di iṣẹ́. Ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀nà là á rán an. Létí kòtò ni a ti ń sọ ọ́, kí erùpẹ̀ tó bò ó.

Ohùn pálọ̀ dákẹ́. Àwọn méjèèjì wọlé tọ̀ ọ́ wá, àwọn ìbejì tẹ̀ lé wọn, wọ́n wolẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Àṣé wọ́n ti rí ohun kan tí ẹnu wọn fi kò.

"Ìyá," Pásítọ̀ ní, "a gbọ́ pé ẹ fẹ́ rán òkú níṣẹ́ lọ́la. Nǹkan kèfèrí ni. Òkú kì í gbọ́. Bí ẹ bá ṣe é, a ó pa Bíbélì wa dé, a ó máa lọ, kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà lé Bàbá lórí."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," Alàgbà ní. Ó jọ pé ó dun òun náà pé òun gbà.

Dúróríkẹ́ wo àwọn ọmọ rẹ̀. Kẹ́hìndé ń já ìdí ẹní. Ó wo Pásítọ̀.

"Níbo ni Jùmọ̀kẹ́ wà?"

"Ta ni Jùmọ̀kẹ́?"

"Ọmọ mi tó kú. Ọmọ ọdún méje. Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀."

"Ṣé wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un?"

"Odò ló ti ń wẹ̀."

Pásítọ̀ nu ojú. "Ìyá, irú ìyẹn... ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ẹ ò kúkú fi baba rẹ̀ sílẹ̀ fún Un." Ó yíjú sí èkejì. "Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà?"

"Ó ń sùn, Ìyá."

"Láti ọdún mọ́kànlélógójì? Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń jí àkùkọ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Táyé ní. "Ẹ má jẹ́ ká fi Bàbá ṣẹ̀sín. Ẹ ní ẹ gbọ́."

"Mo gbọ́."

Inú wọn dùn, wọ́n jáde. Wọn kò rántí pé gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ ilé ni Ràmọ́nì ti ń gbẹ́ kòtò, lábẹ́ igi kaṣú. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n òun àti Ládòkun jọ dá oko ni, ó ní kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ ilé ọ̀rẹ́ òun lẹ́yìn òun.

"Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ yìí le bí orí ọkọ yín."

"Máa gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ kan ló máa kan orí tìrẹ náà."

Wọ́n gbé òkú sí i. Pásítọ̀ wàásù pé òkú ti jí sí ibòmíràn, Alàgbà wàásù pé kò tíì jí níbì kankan. Èyí sọ̀kò sí tọ̀hún, tọ̀hún sọ̀kò padà. Òjìji igi kaṣú kúrò lára àwọn ènìyàn, wọ́n ń sún tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Ládòkun nìkan ni kò rẹ̀.

Ní ìgbẹ̀yìn, Pásítọ̀ bu erùpẹ̀ sọ́wọ́. Ẹ rántí pé ọmọ Òkaka ni. Ìyá rẹ̀ kú nígbà òjò èṣí, nígbà tó lọ ṣe ìsọjí ní Ìsẹ́yìn. Omi gba afárá, wọ́n ti sin ín kó tó dé. Ó da díẹ̀ sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ náà, "Erùpẹ̀ fún erùpẹ̀," ojú rẹ̀ pọ́n, ahọ́n rẹ̀ sì gba ọ̀nà tó ti mọ̀ láti kékeré.

"Bàbá Ìbejì, ó dàárọ̀ o. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní mo bọ̀, omi ló gba ọ̀nà."

Ràmọ́nì fi ọkọ́ tilẹ̀.

"Pásítọ̀," Alàgbà Ògúnwùmí ní, jẹ́jẹ́, bí tíṣà tó ká ọmọ mọ́ ibi tó ti ń wo ìwé ẹlòmíràn.

Dúróríkẹ́ dìde lórí àpótí. Kò yára. "Pásítọ̀, ta lẹ ń rán níṣẹ́?"

"Ìyá, àṣìsọ ni."

"Òkú tí kì í gbọ́, ṣé àṣìsọ ló ń gbọ́?"

Pásítọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Erùpẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

"Kò burú," ìyá náà ní. "Yóò bá yín kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ tò sẹ́yìn mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà lórí ìlà." Ó rí Alàgbà tó fẹ́ pa Bíbélì dé. "Tíṣà, ìyàwó yín tó lọ lọ́dún kẹrin sẹ́yìn, ṣé ẹ ò ní ká kí i ni?"

Alàgbà wo Bíbélì, ó wo kòtò. Kò pa á dé. "Ẹ ṣe é kíá, Ìyá," ló sọ, "oòrùn ti ń mú."

Dúróríkẹ́ kúnlẹ̀ létí kòtò.

"Ládòkun, gbọ́ o. Sọ fún Jùmọ̀kẹ́ pé n kò sá fún un. Òun ló ní kí n fún òun lómi. Ọyẹ́ ti fa kànga gbẹ, odò ni mo lọ, mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Ní ti pé kò sí ẹnìkan lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń lọ, omi ni mo lọ pọn. Mo gbé e dé. Sọ fún un pé mo gbé omi náà dé."

Ràmọ́nì gbé ọkọ́ sókè láti fa erùpẹ̀ sí i.

"Dúró," Dúróríkẹ́ ní.

"Ẹ ti sọ ọ́ tán, Ìyá Jùmọ̀kẹ́."

Ó gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó tún kúnlẹ̀ dáadáa sórí erùpẹ̀.

"Ṣé o ò mọ ọ̀rẹ́ rẹ ni? Ẹni tí mo rán ní iyọ̀ tó gbé kánún bọ̀." Ó tẹ orí sí ẹnu kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. "Ládòkun, gbọ́ o."