Òwú Kúbùsù Àmúdàtù

Kúbùsù kan ṣoṣo ni Àmúdàtù ní lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ọwọ́ hun ún ní ọdún tí ó bí àkọ́bí rẹ̀. Iṣẹ́ kíróṣè ni: òwú funfun, àti abẹ́rẹ́ irin kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Láti inú òrùka òwú tí kò tó ojú bọ́tìnnì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ lọ ní ìyípo-ìyípo títí ó fi bo bẹ́ẹ̀dì tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan ní Mushin, ìyá àgbà náà fi ìka wá ìdí òwú rẹ̀ kàn, nítorí ojú rẹ̀ ti ṣú, ó sì fà á.

"Ẹ má fà á, Ìyá Àgbà," ni Aneesah, ọmọ ọmọ rẹ̀, wí.

"Mo ti fà á. Wá mú orí rẹ̀ kí o máa ká a, Àṣàkẹ́. Àbí gbogbo ìwé tí o kà, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká òwú?" Oríkì Aneesah ni ìyá àgbà fi ń pè é.

Ọdún kẹrin nìyí tí Aneesah ti gba oyè nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, pẹ̀lú èsì tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ yìn ín fún. Ọdún kẹrin nìyí tí ó ti ń gbé èsì náà kiri nínú fáìlì, bí ẹni gbé òkú tí kò sí ẹni tí yóò bá a sin ín. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé kan ní Ìlúpéjú kéde pé àwọn ń wá obìnrin mẹ́ta tí ó mọ kíróṣè, iṣẹ́ olówó oṣù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò: ọgbọ̀n onígun mẹ́rin, gbogbo wọn funfun, ìyípo méje-méje, oníhò wínníwínní bí àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òwú, kí oníkálukú wá tirẹ̀. Irú òwú bẹ́ẹ̀ ń ti òkè òkun wá, apá Aneesah kò sì ká a mọ́.

"Bí wọ́n bá gbà mí," ni ó ti sọ fún ìyá àgbà, "owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú yín ni. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ náà kò ju wákàtí kan lọ. Ẹ óò tún rí mi."

"Màá sì rí i bóyá lóòótọ́ lo rù tó bí àwọn ará ilé ṣe ń sọ," ni Àmúdàtù dáhùn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tú kúbùsù. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọdún mẹ́tàlélógójì fi ń tú, láti etí wá sí àárín. Òwú náà jáde ní wíwọ́, bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dídì rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n so òkúta mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí okùn aṣọ kí ó lè nà. Ó funfun, ṣùgbọ́n funfun wàrà ni, kì í ṣe funfun ẹfun. Èyí tí ó ti gbó nínú rẹ̀ já dànù; ìyókù ni ọgbọ̀n onígun mẹ́rin náà gbà tán.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Aneesah. Ní kékeré, wọ́n nà án títí ó fi kọ́ ọwọ́ ọ̀tún láti jẹun àti láti gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan abẹ́rẹ́, Àmúdàtù pàṣẹ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ yòókù ń jókòó sí láti kọ́ṣẹ́; Aneesah nìkan ni ó ń mú jókòó sí iwájú, ojú ko ojú, kí ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ìyá bá ṣe lè di ohun tí ọwọ́ òsì ọmọ yóò ṣe, bí ènìyàn àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà kò ní àbùkù. Kìkì pé ibi tí ìyípo àwọn ẹlòmíràn ń dojú kọ, tirẹ̀ ń kẹ̀yìn sí i. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè rí i. Ó sì jogún àṣà kan lọ́dọ̀ ìyá àgbà: wọn kì í ta kókó. Igun ìparí ni wọ́n ń fi ìdí òwú pamọ́ sí, wọn a tì í bọ abẹ́ ojú òwú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iṣẹ́ a sì dà bí ohun tí kò lópin.

Ọgọ́ta obìnrin ni ó wà ní gbọ̀ngán ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ wá. Aneesah kà wọ́n, nítorí ẹni tí ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí a ti ń wọn nǹkan kò lè ṣíwọ́ wíwọ̀n. Fadilah, ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tí ó jókòó tì í, fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa níbí ló gba dìgírì o. Bí òrùlé yìí bá wó lù wá, Nàìjíríà pàdánù ọ̀mọ̀wé ọgọ́ta."

"Kò ní mọ̀ pé òun pàdánù nǹkan kan," ni Aneesah wí.

Wọ́n fún wọn ní ìwé kan, oníkálukú sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́, Màdáámù Fẹ́yìsayọ̀, ń kọjá láti àga dé àga. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Aneesah, ó gbé onígun mẹ́rin kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó mọ iṣẹ́. A kò ní fi ìyẹn dù ú.

"Èwo ni èyí tó ń kẹ̀yìn sí ènìyàn? Ọwọ́ wo lo fi ṣe é?"

"Ọwọ́ òsì, mà."

Màdáámù rẹ́rìn-ín kí gbogbo gbọ̀ngán lè gbọ́. "Ṣé wọn ò sọ fún ọ nílé pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni?"

"Wọ́n sọ fún mi, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n wọ́n. Ọgbọ̀n ni wọ́n, kò sí ọ̀kan tó fi fọ́nrán òwú kan ju èkejì lọ."

"Mo gbọ́. Dà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. A óò kàn sí ọ."

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Aneesah kà á fún ìyá àgbà láìyí ohùn padà. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọyẹ́ dé. Àmúdàtù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìró méjì ni ó fi bora, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn.

"Ó dáa náà," ni ó wí. "Wọn ò fẹ́ iṣẹ́, kí wọ́n dá òwú padà. Lọ gbà á wá fún mi. Màá tún kúbùsù mi hun. Ojú ló fọ́, ọwọ́ ò fọ́."

Aneesah fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìlúpéjú. Jethro, ọkùnrin tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ó kọjá géètì.

"Àǹtí, kò sí nǹkan kan tí ẹ fẹ́ gbà. Wọ́n ní àwọn ti sun gbogbo èyí tí kò yege."

"Ta ló yege?"

Jethro wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wò ó, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yìí. Ọdún kejì mi rèé ní géètì yìí. Mi ò tíì ṣí i rí fún ẹnì kankan nínú yín kó wọṣẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Abeg, ẹ máa lọlé."

Aneesah dúró. Ọgọ́ta obìnrin, ọgbọ̀n-ọgbọ̀n: ẹgbẹ̀sán onígun mẹ́rin. Kúbùsù ńlá kan kò ju ọgọ́fà lọ. Kúbùsù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, láìsan ohunkóhun fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni, láìra òwú. Ìṣirò náà pé, kò ku ẹyọ kan. Kò bínú bí ènìyàn ṣe ń bínú. Ara rẹ̀ tutù ni, bí irin tí ó sùn síta nínú ọyẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí òpópónà, kò gba inú géètì. Ó wọlé bí oníbàárà. Lórí ìpàtẹ tí ó wà láàárín, wọ́n na kúbùsù kan, ọmọbìnrin tó ń tajà sì ń fi í han obìnrin kan tí ó gbé báàgì dání.

"Ẹ wò ó dáadáa, mà. Èyí ń yí sí ọ̀tún, èyí sì ń yí sí òsì. Àrà ọ̀tọ̀ ni. Àwọ̀ wàrà yẹn pàápàá, wọn ò lè rí i ṣe níbòmíì."

Aneesah kà wọ́n. Ọgbọ̀n ni èyí tí ó ní àwọ̀ wàrà. Gbogbo wọn pé síbẹ̀.

Ó dé igun kúbùsù náà, níbi tí ọ̀kan nínú tirẹ̀ ti wà ní etí. Ìka òsì rẹ̀ wá ibi tí ó mọ̀, ó rí ìdí òwú, ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ ojú òwú, ó sì fà á. Etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ihò kan tẹ̀lé òmíràn, láìsí ariwo.

"Àǹtí! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń gba òwú ìyá mi."

Ariwo ọmọbìnrin náà ni ó mú Màdáámù Fẹ́yìsayọ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Ọlọ́wọ́ òsì. Ìwọ náà nìyí."

"Ẹ ní wọn kò dé ìwọ̀n, mà."

"Wọn ò dé e."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe lórí ìpàtẹ?"

"Ṣé o ò lè kàwé ni? Ẹ̀yìn ìwé tí o buwọ́ lù: ohunkóhun tí a bá mú wá fún ìdánwò di ti ilé iṣẹ́. Ṣé ẹlòmíì ló bá ọ kọ orúkọ rẹ síbẹ̀?"

Aneesah rántí ìlà náà. Ó ti kà á ní ọjọ́ náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yé e kedere, ó sì buwọ́ lù ú, nítorí pé ọgọ́ta obìnrin ni ó wà níbẹ̀, mọ́kàndínlọ́gọ́ta yóò sì buwọ́ lù ú bí òun bá kọ̀. Èyí ni kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó tún fa òwú náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tú dé òpin ẹ̀gbẹ́ kan, dé ibi tí wọ́n ti rán iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, níbẹ̀ ni ó dúró sí. Kò tún lè tú mọ́. Ó tẹríba, ó fi eyín gé e.

"Jethro!" ni Màdáámù pè. "Mú un jáde. Kí ẹnì kan sì bá mi tún etí kúbùsù yìí ṣe kí ọ̀la tó mọ́."

Jethro kò fọwọ́ kàn án. Iwájú ni ó ń lọ, ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má bínú, Àǹtí, ẹ má bínú," títí wọ́n fi dé òpópónà.

Àmúdàtù gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì na ọwọ́. Aneesah fi òwú náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Ìyá àgbà fi àtàǹpàkò ra á, ayọ̀ sì hàn lójú rẹ̀ tí kò ríran.

"Tèmi ni. Tèmi ni lóòótọ́. Gbé abẹ́rẹ́ fún mi. Jókòó síwájú mi."

Aneesah jókòó síwájú rẹ̀, ojú ko ojú, bí ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Abẹ́rẹ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Àmúdàtù hun ẹ̀wọ̀n mẹ́jọ, ó so wọ́n pọ̀ di òrùka. Ó bẹ̀rẹ̀ ìyípo kìn-ín-ní: ojú òwú kan, ojú òwú méjì, mẹ́ta. Mẹ́rìndínlógún ni ó yẹ kí wọ́n jẹ́. Nígbà tí ó dé ìkẹrin, abẹ́rẹ́ náà kọ́ òfuurufú.

Ó wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó wá a lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àṣàkẹ́, ó já. Fún mi ní ìyókù."

Ọwọ́ náà wà ní nínà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Aneesah wò ó, kò sì rí ohun tí yóò fi sí i.