Ẹ Má Ṣí Ewé Lórí Obì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fà sún mọ́ mi. Ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi yìí kò ní pa yín lẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a ṣì máa ń ríran.

Ní Ṣàgámù níbí ni Àlàájà Àjọkẹ́ ti ń ta gbànja. Ìyá náà kì í kánjú. Bó bá ti bó obì tó sì fọ̀ ọ́, á tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, á fi ewé bò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àsìkò rẹ̀ yóò fi pé. "Ẹni tó bá ṣí i ti jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé," ló máa ń wí, "ó bàjẹ́ nìyẹn."

Tawfiq, àkọ́bí rẹ̀, wà ní Ìlú Ọba, ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Físà iṣẹ́ rẹ̀ ń tán lọ, ó sì ti kọ̀wé kó tó tán pé kí wọ́n fi ọdún kún un. Òfin ibẹ̀ ni pé títí èsì yóò fi dé, kò tíì rú òfin, ó lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jáde nílùú pẹ́rẹ́, wọ́n á ní òun fúnra rẹ̀ ló fa ìwé náà sẹ́yìn.

Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá ní, "Ó yé mi. O wà lábẹ́ ewé."

"Màámi, ẹ wá bá mi ṣe lọ́yà o!"

"Bí wọ́n bá ń gba obì dípò owó, mo ti ń bọ̀."

Kò pẹ́ ni àìsàn dá ìyá wólẹ̀. Ó pe Raqeebah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní, "Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá béèrè mi, sọ pé mo lọ ra obì ní Ìlárá. Kò gbọdọ̀ wá." Raqeebah parọ́ náà títí, ó sú Tawfiq.

"Ṣé gbogbo obì Ìlárá ni Màámi fẹ́ rà tán ni?"

Hàrúnà, àbúrò ìyá, kò lè mú un mọ́ra. Ọlọ́jà lòun náà. Ó máa ń fi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsọ̀ ọ̀rẹ́, á lọ sí Kánò, á padà wá bá ẹrù rẹ̀ ní pípé. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé Tawfiq náà rí. Ó tẹ̀ ẹ́ láago.

"Ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ta ni yóò jí i? Ìyá rẹ ń kú lọ, ò ń wẹ ìyá oníyàá!"

Tawfiq mọ òfin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ti gún un lọ́kàn. Ó wọ bàálù.

Nígbà tó wọ yàrá, ìyá rẹ̀ ranjú mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé wọ́n ti fún ọ ní ìwé náà?"

"Wọ́n ti fún mi, Màámi."

Ìyá ní, "Níbo lo ti rà á? Ṣé Ìlárá ni?"

Tawfiq kúnlẹ̀, ó fi orí lé bẹ́ẹ̀dì. Omijé ń bọ́ lójú ìyá, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ọmọ. "Ta ló ṣí ewé lórí rẹ?" ló ń wí ṣáá. Hàrúnà tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò lè wọlé.

Ìyá kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àwọn obìnrin ló wẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀. Ọwọ́ Tawfiq, tó ti wẹ ìyá oníyàá títí, kò kan omi náà. Inú sàréè ló ti gbà á, òun ló tẹ́ ẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èsì dé láti Ìlú Ọba: wọ́n ti pa ìwé rẹ̀ tì.

Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà báyìí. Lọ́jọ́ kan Hàrúnà fẹ́ yọjú wo apẹ̀rẹ̀ kan, Tawfiq rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Hàrúnà fà sẹ́yìn, ó jókòó, ó sì fi agbádá nu ojú.

Raqeebah ló sọ ọ́ fún Látífàt, ìyàwó mi, nígbà tó wá kí wa. Látífàt sọ ọ́ fún mi, kò sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.