Oṣù Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí àyà mi ṣì ń já. Irú àlá tí mo lá lóru àná, mi ò lá irú ẹ̀ rí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni Lèmọ́mù ní kí n wo oṣù Ìtúnu lálẹ́ òní. Bàsíra ọmọ mi wá fi nǹkan kan sórí fóònù mi. Téèyàn bá gbé e sókè, á máa sọ orúkọ ìràwọ̀, á sì fi ibi tí oṣù wà hàn. Ẹ̀rù ló wá ń bà mí. Tí mo bá ní oṣù ti lé, tí kò sì lé, gbogbo àdúgbò á jẹun lọ́jọ́ ààwẹ̀, ọrùn mi ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ máa wà.

Lójú àlá, mo dúró sórí òrùlé mọ́ṣáláṣí. Gbogbo àdúgbò wà nísàlẹ̀, kálukú gbé abọ́ ìrẹsì dání, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo gbé fóònù sókè.

Fóònù ní, "Bàbá Bàsíra, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Òòyì ń kọ́ mi."

Mo ní kó má bínú. Bí mo ṣe ní kí n sinmi ọwọ́, ọ́fíìsì kan léfòó wá látẹ̀yìn ìkùukùu, tòun ti bẹ́ǹṣì, tòun ti fáànù. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Àwọn ọ̀gá tó ń gba ẹ̀rí oṣù jókòó síbẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Oṣù ni mo wá wò, sà."

"Ẹlẹ́rìí ẹ dà?"

Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí ti gbààwẹ̀ rí?"

Fóònù ní, "Mo ń gbà á lọ́wọ́. Látàárọ̀ ni wọn ò ti fi mí sí iná."

Níbẹ̀ ni ìka mi ti yọ̀ lójú fóònù, ó fa ọjọ́ síwájú. Ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Oṣù ń lé, ó ń wọ̀, ó ń lé. Ìtúnu kọjá, Iléyá ń bọ̀. Ni ìwo bá yọ lórí àwọn ọ̀gá, irùngbọ̀n wọn gùn, wọ́n di òbúkọ.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á sẹ́yìn! Ẹ má jẹ́ kí Iléyá bá wa níbí!"

Mi ò dé Mẹ́kà rí, àmọ́ mo dáhùn. Mo fà á sẹ́yìn. Oṣù yọ lójú fóònù, tín-ín-rín. Mo kígbe, "Oṣù ti lé o!" Wọ́n ṣí abọ́ nísàlẹ̀.

Òbúkọ àgbà wò mí. "Alàájì, ibo lẹ na fóònù yẹn sí?"

Ilẹ̀ ni. Oṣù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, lábẹ́ mọ́ṣáláṣí, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún.

Fóònù ní, "Ibi tó wà lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí bóyá ojú lè rí i."

Mo ní kí n ké sí àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n dúró, ohùn ewúrẹ́ ló jáde. Wọ́n ti ń jẹ.

Ìyá Bàsíra ló jí mi. "Kí lẹ ń ké mẹ̀ẹ́ sí? Ẹ dìde, sààrì ti jinná."

Fóònù wà lábẹ́ àyà mi, ó ti kú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé èékánná. Ẹyọ kan ta síwájú ẹsẹ̀ mi. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mo dúró wò ó títí.

"Ìyá Bàsíra, ṣé ìwọ náà rí i?"

"Kí ni? Èékánná mi nìyẹn."

"Ṣáà sọ pé o rí i."

"Ó dáa, mo rí i. Ṣé ara yín yá?"

Ìyá Bàsíra ni mo máa mú dání lálẹ́ òní, kó ṣe ẹlẹ́rìí mi. Fóònù á dúró sílé, á máa ṣínu lórí ṣájà.