Pọ́ǹpù Ò Jìnnà

Isu ni Latifatou ń bó lẹ́yìnkùlé nígbà tí rédíò àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn àwọn ilé ìwé. Wọ́n ní ọdún ẹ̀kọ́ náà ti parí, wọ́n ní ó le. Àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa, wọ́n tún ṣí i, àwọn ọmọ ti ṣèdánwò, kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan abúlé wọn. Ilé ìwé wọn ló ṣe ipò kìíní nínú ìmọ́tótó ọwọ́ ní gbogbo agbègbè. Kò sí ọjọ́ kan tí omi tán nínú àwọn garawa ìfọwọ́ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó fún wọn ní garawa náà yóò wá fún dírẹ́kítẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé náà, ní ẹ̀bùn.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Latifatou.

"Kò sí ọjọ́ kan tí omi tán," ó tún un sọ fún ara rẹ̀. Inú bí i débi pé ó gé isu tó fẹ́ fi gún iyán sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sá èlùbọ́. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn di àsáró, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti bi í pé kí ló dé.

A ò ní í dárúkọ abúlé náà. Ọ̀nà Goro ni, lápá Parakou, àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn, padà wá múra ìdánwò wọn, àṣẹ dé pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì láìfọ ọwọ́. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé garawa ńláńlá wá, aláwọ̀ búlúù, tó ní ẹnu ẹ̀rọ nídìí. Ó dára, ó ń dán. Ṣùgbọ́n garawa ni wọ́n gbé wá, wọn ò gbé omi wá. Òdìkejì oko kajú ni pọ́ǹpù abúlé wà, òjò ò sì tíì rọ̀ dáadáa nígbà náà. Ìlà ibẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Mèsié Karimou, dírẹ́kítẹ̀, wo àwọn ọmọ CM2 yíká, ó yan àwọn ọmọbìnrin tó ga. Ó fi àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ nídìí ìwé wọn. Zoulfath, ọmọ Latifatou, ló ga jù.

Bí wọ́n bá fi báṣíà pọn ti àárọ̀, yóò tán kí ó tó di àkókò ìsinmi. Wọn yóò tún lọ. Nígbà tí Latifatou lọ bá dírẹ́kítẹ̀ pé ọmọ òun ò ráyè jókòó, ọkùnrin náà fa ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Zoulfath, pọ́ǹpù ò jìnnà."

Kí ni èèyàn fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Ta ni yóò sọ pé kí àwọn ọmọ má fọ ọwọ́?

Zoulfath kò yege. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó yege, inú wọn dùn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Nígbà tí Latifatou lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà tún CM2 ṣe, dírẹ́kítẹ̀ ní kò sí àyè, pé ọmọ náà ti dàgbà jù, pé ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì látàárọ̀ kò ní ohun tó fẹ́ wá tún ṣe níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gan-an ló fi sọ ọ́. Bàbá Zoulfath kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní bí ilé ìwé bá kọ̀ ọ́, kò ní í jókòó sílé kó máa ka òrùlé. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó wà ní Parakou yóò mú un lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ náà. Iṣẹ́ ìránṣọ ò burú. Agbẹ̀bí ni Zoulfath fẹ́ ṣe láti kékeré, kò sì fi bò.

Ọjọ́bọ̀ dé. Latifatou tètè jáde, òun àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti ta tapólì sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti to àga jìnnà síra wọn gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, wọ́n ti dáná ìrẹsì àlejò. Àwọn garawa búlúù wà níwájú, wọ́n ti nù wọ́n, wọ́n ti so òdòdó mọ́ wọn. Latifatou kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tóbi jù, ó fi ìka kàn án. Ó dún kó. Òfìfo ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Láti ọjọ́ tí ìdánwò ti parí, àwọn ọmọbìnrin ò pọn omi mọ́. Dírẹ́kítẹ̀ rántí àga, ó rántí òdòdó, ó rántí ọmọ rédíò. Kò rántí omi, nítorí omi pípọn ò sú u rí. Ó ti rò pé inú garawa ló ti ń sun. Latifatou lọ jókòó síbi tí yóò ti rí garawa náà dáadáa.

Àlejò dé, Madame Abíọ́lá, ọmọ Ṣábẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú náà. Ó kí àgbà, ó kí ọmọdé. Dírẹ́kítẹ̀ dìde nínú agbádá bùbù tuntun, ó sọ̀rọ̀ títí.

"Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀," ó wí, ó sì na ọwọ́ sí àwọn garawa. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Omi wo lo dà? Latifatou ń bi í nínú ara rẹ̀.

"Bon, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò," ni Madame Abíọ́lá wí. "Mèsié, ẹ fọ ọwọ́, kí gbogbo ayé rí yín."

Dírẹ́kítẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Nǹkan kan ò jáde. Ó ṣí èkejì. Eruku ló jáde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́, nínú ọdún tí ikọ́ ń lé èèyàn kúrò láwùjọ. Ojú dírẹ́kítẹ̀ ń wá kiri, ó sì bà lé ẹni tó máa ń bà lé.

"Zoulfath! Tètè, gbé báṣíà. Ìwọ lo mọ ọ̀nà."

Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ó ti mọ́ ọn lára. Ohun tó dun Latifatou jù lọ nìyẹn.

"Gbé e sílẹ̀," ó wí. Ó dìde. "Mèsié, ẹ̀yin náà lẹ ní ọmọ mi kò jókòó ní kíláàsì. Ẹ sọ fún Madame ibi tó wà."

"Ìyá Zoulfath, mais, kì í ṣe ibí la ti ń sọ ìyẹn."

"Ibí ni. Ibí lẹ ti fẹ́ gba ẹ̀bùn omi tí ọmọ mi pọn."

Tonton Bassirou, alága àwọn òbí, gbé ọwọ́ sókè. "Latifatou, fi sùúrù ṣe é. Àlejò wà níbí."

"Tonton, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà. Ẹ̀ ń rí wọn lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń gba iwájú ilé yín kọjá tàwọn ti báṣíà lórí. Orí ọmọ wọ́, ẹ̀ ń kí wọn kú iṣẹ́."

Tonton Bassirou wo ilẹ̀. Madame Abíọ́lá ti fi fóònù rẹ̀ sínú báàgì. Ó súnmọ́ Zoulfath.

"Ọmọ mi, lóòótọ́ ni? Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ wọn, ìwọ ń pọn omi?"

Zoulfath wo ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Tí mo bá dé, tata, wọ́n á ti nu pátákó."

Dírẹ́kítẹ̀ nu iwájú orí rẹ̀.

"Ó dáa, ó dáa. Kí ó padà wá tí ilé ìwé bá wọlé. Mo gbà á sí CM2. Voilà. Gbogbo yín ti gbọ́."

Àwọn èèyàn tún pàtẹ́wọ́, bí ẹni tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí Latifatou bá wá nìyẹn, ó ti rí i gbà. Ó yẹ kí ó jókòó. Ó ti ń jókòó lọ nígbà tó gbọ́ ohùn dírẹ́kítẹ̀, ohùn ẹni tí ara ti tù.

"Donc, omi. Waliath! Ìwọ tó o máa wọ CM2, wá gbé báṣíà yìí, kíá."

Waliath, ọmọ aládùúgbò wọn, sáré jáde láàárín àwọn ọmọ. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí báṣíà náà fi bo ojú rẹ̀ nígbà tó gbé e karí. Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìbínú tí Latifatou ní tẹ́lẹ̀ kò tó ìyẹn. Ó jáde síwájú, ó gba báṣíà lórí ọmọ náà. Ó fa ìborùn èjìká rẹ̀ yọ, ó wé e ní òṣùká, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ó ṣe ń wé e fún Zoulfath láràárọ̀. Ó na òṣùká àti báṣíà sí dírẹ́kítẹ̀.

"Ẹ máa lọ, mèsié. Pọ́ǹpù ò jìnnà."

Dírẹ́kítẹ̀ wo Madame. Madame náà ń wò ó. Ọkùnrin náà wo Tonton Bassirou. Tonton Bassirou ń tún fìlà rẹ̀ dé. Nígbà tó yá dírẹ́kítẹ̀ gba báṣíà náà, ó sì gba ọ̀nà oko kajú lọ nínú bùbù tuntun, ẹrẹ̀ ń ta sí i lára.

Ó pẹ́. Ìlà gùn ní pọ́ǹpù, a sì gbọ́ pé kò sí obìnrin kan tó yà fún un. Ìrẹsì ń tutù, oòrùn ti kúrò lórí tapólì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹun, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Zoulfath fà mọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo àga dírẹ́kítẹ̀ tó ṣófo, ó wo gbogbo àwọn èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́.

"Ìyá," ó wí, "òun, wọ́n ń dúró dè é."