Ẹjọ́ Orin Odessa Pruitt

Ìlú Tarver tiwa ní Georgia kéré, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso rẹ̀ ń ṣòfin bí adìyẹ ṣe ń yé ẹyin. Nígbà tí àwa aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, tí à ń kọrin lọ, wọ́n tún yé ọ̀kan sí i: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọrin ní títì láìgbàṣẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà mú ni Odessa Pruitt, opó tó ń lọ aṣọ fún àwọn èèyàn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà ni èmi àti ẹ̀ ń lọ, nítorí náà mo lè sọ òtítọ́: ohùn Odessa kò dára. Ibi tí orin bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gòkè. Díákónì Lucius Tolliver, olórí akọrin wa, ti fọgbọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín akọrin, ó ní kó máa pín abẹ̀bẹ̀ fún ìjọ. Ṣùgbọ́n ní títì, níbi tí ajá ọlọ́pàá ti ń gbó, ohùn Odessa nìkan ló borí ajá. Orin rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Ẹ ṣílẹ̀kùn, a ti dé, bí ẹ ò bá ṣí i, a ó dúró."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, lọ́yà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Atlanta tó ń jẹ́ Yancey, ní òun ti rí ihò nínú òfin náà. Orin ni wọ́n kà léèwọ̀. Bí ohun tó ti ẹnu Odessa jáde kò bá jẹ́ orin, ẹjọ́ ti tán. Ó pe Díákónì wá jẹ́rìí. Orúnkún Díákónì kì í jẹ́ kó bá wa wọ́de, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré.

Ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó ní, "Olúwa mi, ohun tí obìnrin yìí ń ṣe, n ò mọ orúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin."

Ọlọ́pàá tó mú un pàápàá gbà pé ó jọ ìró ayùn létí òun. Adájọ́ ti gbé gègé láti dá a sílẹ̀ nígbà tí Odessa dìde.

"Sà, mo kọrin."

Yancey fà á láṣọ. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. A ti fẹ́ borí."

"Ọmọ mi, fi mí sílẹ̀. Wọ́n ti gba àga inú bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ìbò, ẹ tún fẹ́ bá wọn gba orin? Mo kọrin. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo kọrin. Ìwọ Lucius, a ó ríra ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó sì kọ ọ́ níbẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n kó jókòó sí òkè lẹ́yìn kọ́ọ̀tù, gbè é. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù kan.

Abẹ́ ilé Stiles, ọ̀gá ọlọ́pàá, ni ẹ̀wọ̀n wà. Odessa ń kọrin láti òwúrọ̀ dalẹ́. Stiles gba ibùsùn rẹ̀. Orin kò dáwọ́ dúró. Stiles sọ̀kalẹ̀ wá pàṣẹ fún un pé kó dákẹ́.

Odessa ní, "Torí orin lẹ ṣe tì mí mọ́bí. Bí mo bá dákẹ́, kí ni mo tún ń ṣe níbí?"

Verna, arábìnrin wa nínú ìjọ tó ń dáná nílé Stiles, ló sọ ìyókù fún wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Stiles gba àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lálejò. Wọ́n ń jẹ adìyẹ díndín lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde lọ bomi rin òdòdó létí títì. Ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó dùn, ó sì já geere: "Bí ẹ ò bá ṣí i, a ó dúró." Obìnrin náà kò mọ̀ pé òun ń kọrin. Gbogbo ìgbìmọ̀ tó ṣòfin náà yíjú sí Stiles, ẹni tó yẹ kó lọ mú un.

Ní ọjọ́ kejì, Stiles tú Odessa sílẹ̀, ó ní ẹ̀wọ̀n ti kún. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ fagi lé òfin náà, wọ́n sì ń bú ẹni tó bá ní ó wà rí.

Díákónì gbé oúnjẹ ànàmọ́ wá fi bẹ̀ ẹ́. Odessa gba oúnjẹ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

A padà sí ibi ìforúkọsílẹ̀. Akọ̀wé ní kí Odessa kọ́kọ́ ṣàlàyé òfin ìpínlẹ̀ kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé; akọ̀wé gbà pé ó tọ̀nà. Síbẹ̀, ó ní ó feèlì. Odessa padà lọ, wọ́n tún lé e, ó tún lọ. Nígbà tí wọ́n ń já òwú lóko ni akọ̀wé tó rẹ̀ tẹnutẹnu kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìgbójú sókè. Odessa wálé, ó bọ́ bàtà, ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.