Fèrè Tí Elétí Ehoro Kò Gbọ́

"Ẹ tún un gbọ́, sà," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Orí ọkọ̀ ojúrin kékeré náà, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, gbéra lórí irin tí a tò sórí tábìlì. Oníṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ìṣeré ṣe tẹ́ etí sí i. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ kó dún.

"Kí ló ṣe é? Ó ń dún dáadáa."

"Ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo, sà. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n gbé e kúrò létí àwọn. Wọ́n sì kọjú sí ògiri."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá rẹ̀ fi wa ọkọ̀ ojúrin. Nísinsìnyí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, dókítà sì ti sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má lọ jìnnà. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí òun tún gbọ́ ohùn ọkọ̀ òun. Ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ ìṣeré tó wà ní pálọ̀ wọn wá, kí oníṣẹ́ yìí ki ẹ̀rọ ohùn àti sípíkà kékeré bọ̀ ọ́ nínú. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é, nítorí láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ìṣeré.

"Wáyà ni yóò jẹ́," ni ó wí. "Padà wá lọ́sàn-án, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Wọn ò jẹun láti àná."

Bó ti jáde, Elétí Ehoro tú ara ọkọ̀ náà, ó yọ́ òjé, ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Ó dán an wò. Bákan náà ló ń dún. Nígbà tó gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká aṣọ.

"Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá," ni obìnrin náà wí.

"Kí lo wí?"

"Ẹ ò rí i? Mo ní kì í ṣe wáyà."

"Ìwọ náà ti di oníṣẹ́ ọkọ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ." Ó wọlé, ó jókòó. "Oṣù mẹ́ta nìyí tí ẹ ti ń parí orin ṣáájú ìjọ. Olórí akọrin rò pé ebi ló ń pa yín. Mo ń pè yín láti ẹ̀yìn, ẹ ò dáhùn. Mo ní bóyá à ń jà ni, tí n ò mọ̀."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kọ̀, kò jáde. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé Elétí Ehoro ò gbọ́ràn mọ́, ta ni yóò gbéṣẹ́ wá?"

"Ẹni tó ń kú lọ yẹn ńkọ́? Ṣé òun ni yóò jìyà ohun tí ẹ ń fi pamọ́?"

Ọkọ rẹ̀ tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni tó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ó fa awò tí ń sọ nǹkan di ńlá sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, etí ló fi ń wá àléébù. Lónìí, ojú ló fi wá a. Awọ sípíkà náà ti ya létí, bí ewé tí kòkòrò jẹ.

Ó wá yé e. Ó ti ń gbé ohùn náà sókè, ó ń gbé e sókè, kí òun lè gbọ́ fèrè tíńrín tí ọkọ̀ náà ń fọn. Sípíkà tí kò tó èékánná kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi ya á," ni ó wí.

Ó mú sípíkà tuntun, ó gbé e sínú àpótí rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ pinpin, nítorí sípíkà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ kì í lóhùn. Nígbà tó ku kó wọn ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá ilé, bá mi gbọ́ ọ."

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹ dín in. Ẹ tún dín in. Ó tó."

"Fèrè ńkọ́?"

"Ó mọ́ gaara."

Òun kò gbọ́ fèrè kankan.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé, Elétí Ehoro sọ òtítọ́ fún un pé òun lòun ba ọkọ̀ náà jẹ́, pé etí òun ti ń kú. Ọmọbìnrin náà kó irin àti ọkọ̀ náà jọ. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà," ni gbogbo ohun tó sọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ lọ.

Òórùn oògùn gba yàrá bàbá náà kan. Arúgbó náà ṣì kọjú sí ògiri. Wọ́n to irin sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, Elétí Ehoro sì jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Arúgbó náà kò mira. Oníṣẹ́ náà tẹ bọ́tìnnì fèrè. Létí tirẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Ó rò pé òun tún ti bà á jẹ́.

Nígbà náà ni ọwọ́ tíńrín kan yọ láti abẹ́ aṣọ ìbora. Ó lọ sókè, ó di ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rí mú, ó sì fà á wálẹ̀, bí awakọ̀ ojúrin tó ń fa okùn fèrè. Ètè arúgbó náà mì.

Elétí Ehoro yíjú sí ìyàwó rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. "Kí ni wọ́n wí?"

Obìnrin náà tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. "Wọ́n ní, 'Ẹ kúrò lójú irin.'"

Ọkọ rẹ̀ tún tẹ bọ́tìnnì fèrè náà, ó sì ń wo ọwọ́ arúgbó náà.