Aago Mẹ́wàá Kọjá Ìṣẹ́jú Mẹ́rìnlá

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní fi bò.

Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Àwa méjèèjì là ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì ilé ìwòsàn wa dúró, nínú yàrá kótópó kan tí fáànù rẹ̀ ń ké ju aláìsàn lọ. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ló ti kì mí nílọ̀: "Àbúrò, bí àlejò ni kí ìkànnì yìí máa ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Páálọ̀ nìkan ni tiẹ̀, má fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Bí olè bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé, kò ní lè kọjá páálọ̀." Nítorí náà, orúkọ ìwọlé tí kò lágbára la fi ń gbé e ṣiṣẹ́. Rúùtù, orúkọ ìwọlé tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá inú kọ̀ǹpútà, a kì í fi gbé e. Èèwọ̀ ni.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ bímọ, mo fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tèmi, kí iṣẹ́ má baà dúró. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ta ni ǹ bá fún bí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi?

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà dé gan-an ni olè gba orí ìkànnì wọlé, tó pa èsì àyẹ̀wò irínwó aláìsàn rẹ́. Kò dúró ní páálọ̀ rárá. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà wò: láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹnì kan ti fi rúùtù gbé ìkànnì. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àárọ̀.

Ọ̀gá wa obìnrin pè wá. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe é láti ilé, máa kó ẹrù rẹ."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n, mò ń retí kó lanu. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣàánú rẹ̀, Mà. Ọmọdé ń ṣe é ni. Mo kìlọ̀ fún un títí."

Háà! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo fa káàdì ọmọ mi yọ nínú báàgì, torí ọmọ náà fẹ́ gba abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

"Mà, ẹ bá mi ka ọjọ́ àti aago tí mo bí i."

Ó kà á. Ọjọ́ kan náà ni. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá àárọ̀.

"Ibi ọmọ ò tíì jáde, Mà! Ọwọ́ wo ni mo fi tẹ kọ̀ǹpútà?"

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. "Fọ́tò dókítà tuntun ló kọ̀ tí kò wọlé sórí ìkànnì, ni mo bá fi rúùtù gbé e," ó ní. "Mo fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ kejì ni. Mo gbàgbé."

Wọ́n ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo jókòó, mo ṣí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi kí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bímọ ṣì wà níbẹ̀, kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó fi rúùtù gbé ìkànnì ló fi í ránṣẹ́: "Àbúrò mi, kú ewu ọmọ o. Sinmi dáadáa. Gbogbo nǹkan wà bó o ṣe fi í sílẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ ni mo wà tí mo fi ìdùnnú fi í han ọkọ mi. Mo ní, "Ṣé ẹ rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n?"